Ẹni Tó Wo Bọ́ọ̀lù Kò Rí Rẹfirí

Òwe kan wà nílùú Òkè-Ìgbàlà tó máa ń rú àlejò lójú. Wọn a ní, "Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù kò rí rẹfirí." Àlejò a bi ara rẹ̀ pé, báwo? Ṣebí orí pápá kan náà ni àwọn méjèèjì wà? Ta ni kò ní í rí ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú, tó ń sáré kiri tòun ti fèrè lẹ́nu? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí.

Tíṣà Ọlátúbọ̀sún ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu fèrè fífọn gẹ́gẹ́ bíi rẹfirí. Àwọn aláṣẹ líìgì wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa jókòó sókè, kí ó máa yẹ iṣẹ́ rẹfirí wò, kí ó sì máa fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Rẹfirí tí máàkì rẹ̀ bá kéré sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ. Ọdún méjìlá ni Tíṣà fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀sùn ojúsàájú kàn án rí.

Ohun tí ayé kò mọ̀ ni pé òun àti aya rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ràkẹ́ẹ̀lì a jókòó tì í lórí tìmùtìmù pupa kékeré kan. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kò sì mọ ẹni tó ń na ẹni. Rẹfirí nìkan ló ń wò: ibi tó dúró sí, ibi tó kọjú sí, ìgbà tó fi fèrè sẹ́nu. Bọ́ọ̀lù ni Tíṣà ń wò ní tirẹ̀. Bí ariwo bá sọ, a fara tì í, a ní, "Ìyá Dáre, níbo ló wà?" Obìnrin náà kò ní í gbé ojú kúrò lórí pápá. "Ó ti débẹ̀ kí wọ́n tó ṣubú, Tíṣà. Ẹ má yọ máàkì rẹ̀ kankan." Bó bá ṣe wí, bẹ́ẹ̀ náà ni Tíṣà ń kọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni Ràkẹ́ẹ̀lì kú. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà pé kí ó wá yẹ Làsísì wò, ọ̀dọ́mọkùnrin rẹfirí tí máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Tíṣà mú ìwé, ó mú pẹ́ńsù, ó sì gbé tìmùtìmù pupa náà dání. Nígbà tó débẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan fẹ́ jókòó síbẹ̀. Tíṣà ní kó jọ̀ọ́, àga náà lẹ́ni tó ni ín.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí eré parí, kò sì tíì sí ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Fọlárìn, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò, forí sọ orí ẹlòmíràn láàárín pápá, ó sì ṣubú. Bọ́ọ̀lù kò dúró. Àwọn onílé gbé e lọ síwájú, wọ́n gbá a, ó sì ba àlejò kan lọ́wọ́ níwájú ojúlé. Gbogbo pápá hó: ọwọ́, ọwọ́. Nígbà tí wọ́n máa wo Làsísì pé kó fún wọn ní pẹ́nárítì, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá a láàárín pápá, ó gbé orí Fọlárìn lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní òun ti fọn fèrè dá eré dúró kí bọ́ọ̀lù tó kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ìgbà tó rí ọwọ́ tán ló sá lọ sídìí ẹni tó ṣubú. Ẹnì kan ní kó lọ gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Tíṣà fara ti ẹ̀gbẹ́. "Ìyá Dáre, níbo ló wà?"

Tìmùtìmù pupa kò fèsì. Tíṣà wò ó títí eré fi parí.

Alága àwọn onílé wá bá a, ó ní ojú gbogbo àwọn ló ṣe, pé ọwọ́ ni Làsísì rí kó tó sá lọ. Díẹ̀ ló kù kí Tíṣà kọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ náà ni pé kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹfirí. Làsísì wọlé wá bá a nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹrẹ̀ sì wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Tíṣà bi í léèrè.

"Mo ti fọn ọ́n, Bàbá," ni ó wí. "Bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń wò. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá torí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára ju èébú lọ. Ó wá inú ara rẹ̀ títí. Ó rí bọ́ọ̀lù, ó rí ọwọ́ tó bà. Nínú àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò rí ìṣísẹ̀ Làsísì kan ṣoṣo.

Kò kọ nǹkan kan. Ó rìn lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn pápá, níbi tí Fọlárìn dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú báńdéèjì lórí. Ó rọra bi í ní ohun tó rántí.

Fọlárìn fọwọ́ kan báńdéèjì náà. "Ẹnì kan gbé orí mi, Bàbá. Ó ní kí n má sùn. Ó bi mí lórúkọ ìyá mi. N kò tíì dá a lóhùn tí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ọwọ́, ọwọ́."

Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé Làsísì ti wà nídìí ẹni tó farapa kí ọwọ́ tó kan bọ́ọ̀lù. Ó fi àyè máàkì sílẹ̀ lófìfo. Nísàlẹ̀, ó kọ pé: "Ẹ má fi eré yìí lé ọmọ náà lọ. Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù kò rí rẹfirí, bọ́ọ̀lù sì ni mo wò. Aya mi ló máa ń bá mi wo rẹfirí. Òun lẹ ti ń yìn láti ọdún méjìlá."

Nígbà tí akọ̀wé líìgì kà á létí ìgbìmọ̀, wọn kò lé Làsísì, wọ́n sì bẹ Tíṣà pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sígboro.

Ní eré tó tẹ̀ lé e, Tíṣà kò jókòó sí àga rẹ̀ mọ́. Orí tìmùtìmù pupa ló jókòó sí. Bó ṣe ń padà sílé, aládùúgbò kan kí i kú ìrìn, ó bi í pé ta ló borí. Tíṣà dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun kò mọ̀.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ariwo bá pọ̀ lórí ohun kan, tí ẹnì kan sì wà ní kọ̀rọ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀ tí a kò dárúkọ rẹ̀, àgbà Òkè-Ìgbàlà a mi orí, a ní: Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù kò rí rẹfirí.