Bó Bá Dá Ọ Lójú, Gba Èédú

"Bó bá dá ọ lójú, gba èédú." Ohun tí wọ́n máa ń sọ ní Òkè-Èrò fún ẹni tó bá ń fi ọwọ́ sọ̀yà nìyẹn. Àlejò á wọ̀tún wòsì: kí ló pa ìdánilójú pọ̀ mọ́ èédú tí ń ba aṣọ jẹ́? Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láyé, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Yéwándé, gàrí ló ń yan. Kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a rín, tí a dì sápò, tí a gbé òkúta lé, ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ni lójú. Bí ọjọ́ kò bá pé, gàrí ò ní kan. Nítorí náà ni àwọn tó ń yan gàrí ṣe máa ń fi èédú fa ìlà sára ilẹ̀kùn ilé gàrí, ìlà kan fún ọjọ́ kan.

Akínṣẹ̀yẹ ọmọ rẹ̀ ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú.

Ọkùnrin kan sì wà lórí tẹlifíṣàn, Fágbàyí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, kó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, kó sọ ẹni tí yóò borí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bó bá ṣẹ, á ní, "Ṣebí mo sọ!" Bí kò bá ṣẹ, á tún ní, "Ṣebí mo sọ!" Ta ló sì ń rántí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì lọ́jọ́ Àìkú?

Yéwándé ń rántí. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Fágbàyí ní, "Akínṣẹ̀yẹ yẹn, asẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣọ́lé lọ́la, Òkè-Èrò gbé." Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò gba ọwọ́ ọmọ náà kọjá. Fágbàyí ò tọrọ àforíjì; ó ní òun mọ̀ pé yóò tiraka. Láti ọjọ́ náà ni Yéwándé ti ń fa ìlà míì sí inú ilẹ̀kùn: ọ̀rọ̀ Fágbàyí tó bá ṣẹ, lókè, èyí tí kò bá ṣẹ, nísàlẹ̀.

Fágbàyí ò sinmi. "Asẹ́! Asẹ́!" di orin tí wọ́n ń kọ lé Akínṣẹ̀yẹ lẹ́yìn ní títì, títí ẹ̀rù fi ba kóòṣì Bánkọ́lé, tó fi ẹlòmíràn ṣọ́lé. Wọ́n jẹ Òkè-Èrò ní mẹ́rin sí òdo. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Fágbàyí fajú ro: "Ta ló yọ ọmọ yẹn? Mo ti sọ pé òun ni òpó ilé wọn!"

Asẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Yéwándé. "Ẹnu yìí náà?"

Ìdíje kan ṣoṣo ló kù, pẹ̀lú Aráròmí. Bí wọ́n bá pàdánù, ó ti tán. Akínṣẹ̀yẹ sì ti fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ há àjà, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, Fágbàyí àtàwọn ará tẹlifíṣàn gbé kámẹ́rà wá sí pápá ìlú. Yéwándé yọ ilẹ̀kùn ilé gàrí, ó gbé e rù.

"Ìyá Akínṣẹ̀yẹ, ṣé ẹ ń kó lọ ni?" ni àwọn aládùúgbò ń bi í.

"Ẹ̀rí ni mo rù."

Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Fágbàyí. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín nìyí láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀. Èyí tó ṣẹ, mẹ́rin. Èyí tí kò ṣẹ, mẹ́tàdínlógún."

Fágbàyí rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo èédú! Ta ló mọ ẹni tó fà á? Màmá, ẹ lọ yan gàrí yín."

Yéwándé tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú èédú kan jáde. "Òótọ́ lẹ sọ, ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọwọ́ yín fà á lónìí. Ta ni yóò borí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Bó bá jẹ́ àwa, ẹ fà á sí ọ̀tún. Bó bá jẹ́ Aráròmí, ẹ fà á sí òsì. Ilẹ̀kùn yìí á dúró síbí di ọjọ́ Àìkú."

Fágbàyí wo èédú, ó wo ẹ̀wù funfun ọrùn rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i, màmá, bọ́ọ̀lù... bọ́ọ̀lù ò ṣeé mọ̀. Ibi tó bá wù ú ló ń yí sí."

"Kò ṣeé mọ̀?" Yéwándé na èédú sí i. "Kò ṣeé mọ̀, ẹ wá mọ̀ pé asẹ́ ni ọwọ́ ọmọ mi? Ọmọ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nítorí ẹnu yín! Ẹ ò mọ̀, ẹ ò sì lè sọ pé ẹ ò mọ̀!"

Ni baba arúgbó kan bá fi ọ̀pá nalẹ̀: "Ìwọ ọkùnrin yìí, bó bá dá ọ lójú, gba èédú!"

Gbogbo pápá gbè é: "Gba èédú! Gba èédú!"

Fágbàyí kò gbà á. Ó sáré wọnú ọkọ̀ tòun ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn láyà, okùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìrù.

Kóòṣì Bánkọ́lé wà láàárín èrò, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ilé Yéwándé ló gbà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí àjà, tó mú ìbọ̀wọ́ sọ̀kalẹ̀. "Akín, wọ̀ ọ́. Mo fi etí rí ọ, mo fi ojú sílẹ̀. Má bínú."

Ọ̀mì ni wọ́n ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òdo sí òdo, ìyẹn sì tó fún Òkè-Èrò láti tẹ̀ síwájú. Ìlà ọ̀tún kì bá ṣẹ, ti òsì náà kì bá ṣẹ.

Ilẹ̀kùn náà ti padà sí àyè rẹ̀. Ibi tí wọ́n ní kí Fágbàyí fa ìlà sí ṣófo títí dòní, kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan síbẹ̀. Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ fi ẹnu ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, tí o fẹ́ sọ lánàá kí o sì sẹ́ ẹ lónìí, a ò ní kí o má sọ̀rọ̀. Bó bá dá ọ lójú, gba èédú.