Ohun Tí Ìgbín San ní Gbànjo

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ kò mọ̀ ju ariwo lásán lọ, Ìgbín ni olórin inú igbó. Ogún orin ló mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní gbogbo wọn kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tó gbẹ ìyá náà pa, nítorí ìhòòhò ni ìgbín ń rìn nígbà yẹn, wọn kò ní ilé lẹ́yìn.

Ó wá ku Ìgbín nìkan. Bó bá ń bá ẹnikẹ́ni rìn, onítọ̀hún á ti dé oko kí Ìgbín tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni yóò dúró dè é? Orin rẹ̀ nìkan ló ń bá a gbé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹyẹ rí ilé róbótó kan he létí odò, ilé tí onílé lè gbé pọ̀n kiri. Wọ́n ní àwọn yóò tà á ní gbànjo, orin làwọn yóò sì gbà, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò gbé e; orin tó bá sì san kò ní sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Odídẹrẹ́ ló ń polówó.

Ìgbín wọ́ débẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Odídẹrẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé tán, mo fẹ́ ilé yìí. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró nínú oòrùn títí ẹ ó fi ná an tán."

"Ìyẹn ò le," Odídẹrẹ́ dáhùn. "Sọ ibi tí agbára rẹ mọ sí mi létí, kí o lọ sinmi lábẹ́ ewé. Bí ẹnìkan bá ná an ní mẹ́ta, èmi á ná an ní mẹ́rin lórúkọ rẹ. Bí wọ́n bá dákẹ́ níbẹ̀, mẹ́rin náà lo máa san. N kò ní fi kún un lásán. Àfi bí wọ́n bá kọjá agbára rẹ ni n ó jáwọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni o!"

"Ogún," ni Ìgbín sọ sí i létí. Ó mọ̀ pé Ọ̀pọ̀lọ́, tó lórin jù lára àwọn yòókù, kò ní ju márùn-ún lọ.

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìgbín ò tíì nílé, abẹ́ ewé ni aṣeni tirẹ̀ ti wá bá a. Ẹ̀gà ni, ẹyẹ aláriwo.

"Ìgbín, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n jókòó tì ọ́ díẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó ti Ìgbín. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀, títí Ẹ̀gà fi béèrè pé, "Orin mélòó lo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá?"

"Ogún. Gbogbo rẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, má wí fẹ́nìkan."

"Èmi kẹ̀?" Ẹ̀gà fò lọ.

Nígbà tó yá, Ọ̀pọ̀lọ́ ná ilé náà ní márùn-ún, ó jáwọ́. "Mẹ́fà, ti Ìgbín!" Odídẹrẹ́ fẹ́ parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Àfi bí ohùn kan láti inú ewé: "Méje!" Ẹ̀gà ni, kò lórin kan ṣoṣo, ó kàn fara pamọ́, ó yí ohùn padà.

"Mẹ́jọ, ti Ìgbín!"

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ, títí ohùn náà fi pe mọ́kàndínlógún.

"Ogún, ti Ìgbín!"

Ewé dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìgbín gba ilé, ó sì san gbogbo orin fún àwọn ẹyẹ. Èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ fún un bó bá fẹ́ sùn ló fi sílẹ̀ kẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ orin náà lórí ọ̀pẹ. Ẹ̀gà ló ń kọ ọ́. Ìgbín yọrí, ó la ẹnu láti gbè é, ohùn kankan ò jáde. Ó rántí pé, yàtọ̀ sí Bàbá Odídẹrẹ́, Ẹ̀gà nìkan ṣoṣo lòun sọ fún pé ogún ni. Ó dùn ún wọra. Ó fà sẹ́yìn, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ ti ń kọrin láràárọ̀, tí Ìgbín kò sì fọhùn mọ́. Bí o bá fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, yóò ká wọlé. Ẹni tó jókòó tì í kẹ́yìn ló ń rántí.