Ẹni Tó Ni Àkùrọ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba wá ya àwòrán oko tí àkúnya odò ń bà jẹ́ ní Ajígbóṣé, kó sì kọ orúkọ olóko tó máa gba irúgbìn ọ̀fẹ́. Baálẹ̀ ní, "Obìnrin kì í ní oko níbí. Àkùrọ̀ Àwẹ̀ró opó yìí, tèmi ni." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, Bàbá. Ọkùnrin ló ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti bo ààlà, olóko ló sì ń kó ẹrẹ̀ oko rẹ̀. Kí àwọn ọkùnrin bọ́ sí i, kí àlejò lè rí ilẹ̀ yà." Àwọn ọkùnrin tó yí Baálẹ̀ ká wo eṣúṣú tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ẹrẹ̀. Ọ̀kan wúkọ́. "Ìyàwó mi ló ni tibí." Òmíràn ní, "Ìyá mi ló ni tọ̀hún." Àwẹ̀ró na ọkọ́ sí Baálẹ̀. "Bàbá, tiyín ló kù." Baálẹ̀ ká agbádá sókè, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ kọ orúkọ Àwẹ̀ró."