Ojú Ọba Wà Lábẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀
Olóyè Gbádégẹṣin ló ni ilé ìtẹ̀wé tí Ìbídùn ti ń ya èèpo ìwé, ẹni tó bá sì kọ̀ sí i lẹ́nu, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ tún eré oníṣe àtijọ́ kan tẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé, ó wá pàṣẹ pé ojú òun gan-an ni kí Ìbídùn yà fún ọba inú eré náà. Níṣojú àwọn olóyè ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ìbídùn ti gbé àwòrán dé: ọba gúnwà, ìlẹ̀kẹ̀ adé sì bo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Olóyè ní, "Ojú mi dà?" Ìbídùn ní, "Ó wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, sà. Ẹ ṣáà mọ bí ọba ṣe ń dé adé ńlá." Àwọn olóyè mi orí pé òótọ́ ni. Olóyè fajú ro, ó ní kó ṣí adé náà kúrò. "Kò burú, sà. Ìparí eré nìkan ni ọba yìí ti wà láìdé adé, nígbà tí ará ìlú gbà á lórí rẹ̀ torí pé ó ń ta ọmọ wọn lẹ́rú, tí wọ́n lé e wọgbó. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ya ojú yín sí?" Olóyè, tí kò ka ìwé náà rí, wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kó fi adé sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí ìwé jáde, Ìbídùn ṣí i síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ayàwòrán sí, orúkọ ọmọ Olóyè ló bá níbẹ̀. Ó pa á dé, ó ní, "Èmi náà ti wọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀."