Ẹ Fọn Fèrè Rẹ̀ Kí A Gbọ́

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan lẹ́bàá òkè, àgbẹ̀ olóko kòkó ni. Ó ní ìyàwó kan àti àbúrò kan tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ó sì ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tó fẹ́ràn gan-an.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ àkọ́kọ́, Mojísọ́lá, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Dókítà sì kìlọ̀ fún wọn pé, "Bí oyún mìíràn bá dé, ẹ má jẹ́ kó bímọ sílé o. Bó bá ti ń rọbí báyìí, ẹ máa gbé e bọ̀."

Oyún mìíràn dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ abúlé ti kó ẹrù lọ sí ìlú, ìrọbí mú obìnrin náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sáré dé láti ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n sì jọ gbé e jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ bọ́ sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dún "kẹ́," ó sì dákẹ́. Ó tún un yí. "Kẹ́," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n tì í, ṣùgbọ́n ọ̀nà iwájú ilé náà gòkè, agbára àwọn méjèèjì kò ká a.

Ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá ti ba ẹlòmíràn, ìbínú ló máa ń bá jáde. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo gbé ọkọ̀ yìí lánàá tí o fi lọ kó pákó! O ti ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe gbé e fún mi ni mo ṣe gbé e padà."

"Irọ́! Bí nǹkan kan bá ṣe ìyàwó mi, ọrùn rẹ ló wà. Má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́ láéláé!"

Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò. Ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ wá alùpùpù tí yóò gbé obìnrin náà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbé aboyún gbà lórí alùpùpù.

Ìyàwó ló dá a dúró. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá tó bí i, inú ọkọ̀ ló sì gbé dàgbà. Ó di ìjókòó iwájú mú, ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ dákẹ́ ariwo yẹn ná. Ẹ fọn fèrè ọkọ̀ yìí kí a gbọ́."

Ọkọ fọn ọ́n. Fèrè náà dún tínńtín, bí ohùn ẹni tí ọ̀fun ń dùn.

"Ẹ tan iná iwájú." Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ bá mi wò ó."

Àbúrò wò ó. "Ó ń tàn, ìyàwó wa, ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀."

"Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́."

Bó ti yí i, iná náà kú pátá. Ìrora mú obìnrin náà, ó pa ojú dé títí ó fi kọjá, lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo orí bátìrì."

Ọkọ ní bátìrì náà kò tíì pẹ́. Àbúrò ti ṣí iwájú ọkọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun ti bo orí bátìrì, wáyà tó wà níbẹ̀ sì ti dẹ̀, ó ń mì. Ohun tó hù díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe ohun àná. Wọ́n bu omi gbígbóná láti ilé ìdáná, wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀bẹ ha á títí irin fi yọ, àbúrò sì fi sípánà dè é pinpin.

Ọkọ yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà hó! Ọkùnrin náà bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí àbúrò rẹ̀ bọ́ sídìí ọkọ̀.

"Ìwọ ni kó o wà á."

Wọ́n dé ọsibítù ní àsìkò. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde láyọ̀, ìyá rẹ̀ sì yè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ, ẹ̀gbọ́n di àbúrò rẹ̀ mú, ó ní kó dárí ji òun. Àbúrò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n má wá sílé yín mọ́. Ṣé láti ojú títì ni kí n ti máa sọ ọmọ yìí lórúkọ ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ara sì tù wọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi, o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé ọmọ rẹ ọkùnrin ti bàjẹ́, pé o fẹ́ kọ̀ ọ́ lọ́mọ nítorí kì í dá ọ lóhùn mọ́, o sì ti ka gbogbo àwọn tó bà á jẹ́ fún mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń wá ẹni tó jẹ̀bi kì í tètè rí ohun tó dẹ̀. O ní bó bá tiẹ̀ kí ọ, ohùn rẹ̀ kì í jáde. Ó ń kí ọ, ṣé o gbọ́? Nǹkan kan ló hù sáàárín yín, ẹ kò sì tètè rí i. Bi í léèrè. Bó bá wá ń sọ̀rọ̀, má dá a lẹ́nu. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni ọ̀rọ̀ náà bá, fara dà á.

Mo gba iwájú ilé rẹ kọjá kó o tó dé ibí. Ọmọ rẹ náà ni mo rí tó ń pọn omi sínú àmù rẹ. Dìde, máa lọ bá a.