Ìrù Ẹfọ̀n Nínú Ìkòkò Ìyá Mẹ́ílìn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Òkè-Ìràwé, ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àpéjọ. Èmi Ògúnṣakin tí ẹ ń wò yìí, Òkè-Ìràwé ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé ìbọn lé mi léjìká kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n mi. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í fi jẹ ẹran ẹfọ̀n. Lónìí ni màá sọ ọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, ìrù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gé kí ó tó lọ pe àwọn tí yóò bá a gbé e, torí pé ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìlú gbà pé ó pa á. Ẹfọ̀n kan wà nígbà náà tó ti kan àgbẹ̀ mẹ́rin pa, Olúọ́dẹ sì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá mú ìrù rẹ̀ wá ni yóò jẹ oyè Aṣípa Ọdẹ. Èmi ni mo yìnbọn fún un lọ́sàn-án gangan ní pápá Awùn. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kí ó tó ṣubú ó ti fi ìwo ya itan mi. Mo wọ́ ara mi lọ sétí odò láti fi aṣọ di ojú ọgbẹ́, nígbà tí mo sì fi padà, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ìrù kò sí. Mo tiro délé, mo bá Ọdẹ́jìmí ní àgbàlá Olúọ́dẹ, àbúrò ẹgbẹ́ ọdẹ tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn, ìrù ẹfọ̀n mi lọ́wọ́ rẹ̀, ewé oyè lórí rẹ̀. Mo ní èmi ni mo pa á. Wọ́n ní ìrù mi dà.

Ìyá mi, Àṣàkẹ́, nìkan ló gbà mí gbọ́. Ó ń sọ ọ́ lójú odò, ó ń sọ ọ́ nídìí àáro ẹni ẹlẹ́ni, pé ọmọ òun ló pa ẹfọ̀n náà, títí Ọdẹ́jìmí fi sọ ọ́ lórúkọ, ó pè é ní Ìyá Òpùrọ́. Àwọn ọmọdé gba orúkọ náà, àwọn àgbà gbà á lẹ́nu ọmọdé. Ìyá mi kò lọ sódò mọ́, kò jáde mọ́, ọyẹ́ ọdún kejì ló sì gbé e lọ. Bí mo ti ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i lára ni mo sọ fún un pé màá gbẹ̀san, pé ìrù náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tó pa ẹfọ̀n. N kò tíì mọ bí ìrù ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ní ọdún keje, mo na ìbọn sí ìgalà kan nínú igbó kìjikìji. Ìgalà náà wò mí tààrà, ó ní kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọjá, oúnjẹ ń dúró de òun nílé Ìyá Mẹ́ílìn. Mo bi í pé irú ilé wo nìyẹn. Ó ní ilé oúnjẹ ni, pé bí ọdẹ bá ti fi àparò kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tàbí tí ẹranko fi ẹrù ewé kan sílẹ̀, ó di kí wọ́n máa jẹ títí ikùn yóò fi kọ̀. Ebi ń pa mí, àparò sì wà lápò mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo tẹ̀ lé e.

Ìyá Mẹ́ílìn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, ti kọ́ ilé gbọọrọ sáàárín igbó. Ó gba ìbọn mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹnikẹ́ni kì í gbé e wọlé. Iná ń jó lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìkòkò wà lórí iná, irin sì la ìkòkò náà sí méjì, omi egungun funfun lápá kan, omi ata lápá kejì, irú ata tó jẹ́ pé bí ó bá kan ahọ́n, ahọ́n a kú bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lé e pẹ́. Ọ̀bọ kan tó fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ èjìká kó àwo wá fún mi: ẹran tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹja, olú, ẹ̀fọ́, núdù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun fà bí okùn, gbogbo rẹ̀ ní tútù. Inú bí mi. Ta ní í gbé ẹran tútù síwájú àlejò? Mo da àwo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń se àsáró, mo káwọ́ lẹ́rán, mo ń dúró kí ó jiná. Ìmàdò kan tó ń jẹ olú ní tábìlì kejì rẹ́rìn-ín títí ata fi sá a lórí. Ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì rì sómi, kí wọ́n sì tètè yọ ọ́. Ìyá Mẹ́ílìn wá sọ òfin ilé rẹ̀ fún mi, pé kí n jẹ ohun tó bá wù mí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohun kan sínú ìkòkò ni yóò jẹ ẹ́ tán kí ó tó dìde. Mo jẹ ẹ́ tán. Okùn ṣòkòtò mi já.

Àárín ìjẹun yẹn ni mo gbọ́ ohùn. Bí omi ti ń hó, ẹran inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ewúrẹ́ ní ọ̀bẹ Ìyá Mẹ́ílìn ló pa òun, ẹja ní ìwọ̀ ọ̀bọ ló gbé òun. Mo bi ìyá náà, ó ní òun kò fẹ́ ẹran olè lórí tábìlì òun, nítorí náà ni òun ṣe se omi náà lọ́nà tí ẹran kankan kò fi lè parọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rántí ìrù ẹfọ̀n mi. Inú mi dùn débi pé mo bọ ìmàdò lọ́wọ́.

Mo padà sílé, mo lọ bá Ọdẹ́jìmí, mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò mi, mo kí i ní Aṣípa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Ó dùn mọ́ ọn. Mo sọ fún un nípa ilé tí wọ́n ti ń jẹ títí ikùn yóò fi kọ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé oúnjẹ ló fẹ́ràn jù láyé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tẹ̀ lé mi, ìrù náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Aṣípa kì í jáde láìmú ìrù dání. Ohun tí mo pète ni pé màá sọ fún un pé ìrù oyè ni àwọn olóyè fi ń ro omi náà kí wọ́n tó jẹun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi tì í bọ̀ ọ́, ìrù á sọ̀rọ̀, òun á sì jẹ olè rẹ̀ tirun-tirun. Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí n kò pe Olúọ́dẹ dání. Mo fẹ́ dá a jẹ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni màá rí ojú rẹ̀.

A jókòó, ó jẹ àwo mẹ́wàá. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìrù fún un. Ó wò mí, ó fi ìrù sábẹ́ itan. Mo tún bẹ̀ ẹ́, mo rọ̀ ọ́, mo bá a bu ẹran sí i. Ó nu ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrù yìí sílẹ̀. Òun náà ló pa Ìyá Òpùrọ́."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fa ìrù náà yọ lábẹ́ itan rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi jù ú sínú omi ata.

Omi hó, ìrù sì fọhùn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo tábìlì yíjú sí wa. "Ògúnṣakin ló pa mí, lọ́sàn-án gangan, ní pápá Awùn. Ọdẹ́jìmí bá mi níbi tí mo kú sí."

Ojú Ọdẹ́jìmí di eérú. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Áà, ó dùn mọ́ mi o. Ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti jẹ láyé mi lọ. Mo pe orúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá Mẹ́ílìn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ta ló fi èyí sínú ìkòkò?"

Ọ̀bọ na ìka sí mi. Mo jà, mo ṣàlàyé, mo ní ìrù olè ni, kí olè jẹ ẹ́. Ìyá Mẹ́ílìn ní òfin òun kò bèèrè ẹni tó ni ín. Ìbọn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmàdò sì ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mo jẹ irun, mo jẹ awọ, mo rún egungun, láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Bí mo ti ń jẹ ni Ọdẹ́jìmí ń wò mí, ó sì yé e díẹ̀díẹ̀ pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni mo ń gbé mì. Ó dìde lórí eékún, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, ó mú ṣíbí ńlá, ó bá mi bu omi sí i.

Ó ní, "Ẹ rọra jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Egungun wà níbẹ̀."

Nígbà tí a délé, ó ní odò ló gbé ìrù òun lọ. Olúọ́dẹ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, torí Aṣípa tí kò ní ìrù kò lè jó lọ́jọ́ ọdún. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àràárọ̀ ni mo ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá kí n lè kí i lórúkọ lásán, títí ó fi kó kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wí pé èmi ni mo pa ẹfọ̀n. Ìmàdò gbọ́, ọ̀bọ gbọ́. Ta ni yóò pe ìmàdò wá jẹ́rìí níwájú àwọn ọdẹ tí ìbọn kò ní í dún kí ó tó la ẹnu?

Ẹ̀kọ́ mi rèé. N kò ní kí ẹ dárí ji ẹnikẹ́ni. Èmi kò dárí ji Ọdẹ́jìmí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ gbẹ̀san, kí ó mú ẹlẹ́rìí dání, bí wọ́n bá sì bú ìyá rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ itan. Omi Ìyá Mẹ́ílìn kò tíì kúrò lára ìrù náà. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti wà ní àtàrí, yóò jí nínú ikùn mi, yóò wí pé Ògúnṣakin ló pa òun. Ó ń sọ ọ́ kedere. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ, ẹni tí ìbá sì dùn mọ́ jù wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé á gbà yín, ọ̀nà á dán fún yín. Ọ̀sán ti pọ́n. Kí ẹ tó lọ, kí ẹni tí etí rẹ̀ bá mú jù nínú yín wá síhìn-ín, kí ó jọ̀wọ́ gbé e lé ikùn mi.