Ìdí Tí Odídẹrẹ́ Fi Ń Tún Ọ̀rọ̀ Ẹni Sọ

Nígbà láéláé, odídẹrẹ́ kì í tún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sọ. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, á ní, "Mo ti gbọ́," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ní àkókò náà, àwọn ẹranko tí kò ní ìyẹ́ ní eré kan tí wọ́n ń ṣe. Olúkúlùkù wọn á jókòó sílé níwájú kọ̀ǹpútà, á sì máa wa bàálù. Bàálù inú àwòrán ni, kò sí èyí tó kúrò nílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayélujára so gbogbo kọ̀ǹpútà wọn pọ̀, tó fi jẹ́ pé ojú òfurufú kan náà ni gbogbo wọn jọ wà. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá gbéra láti orí ọ̀pẹ rẹ̀, Ìgalà tó ń gbé lódìkejì odò á rí bàálù rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ.

Alágẹmọ ni adarí òfurufú wọn. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò gbéra, ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò balẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi yàn án, nítorí ọ̀kan lè máa wo ìlà oòrùn kí èkejì máa wo ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wà létí gbogbo wọn, ohùn Alágẹmọ ni wọ́n sì ń gbọ́ níbẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í kánjú.

Ìgbín ló fẹ́ràn eré náà jù. Nílẹ̀, kí ó tó ti ẹ̀yìnkùlé dé ojúde, ìrì á ti gbẹ. Lókè, kò sẹ́ni tó ń pè é ní onílọ̀ọ́ra.

Odídẹrẹ́ kò bá wọn ṣe é tẹ́lẹ̀. Òun ní ìyẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjì kan gbé e lu igi ìrókò, apá rẹ̀ kan sì ṣẹ́. Nígbà tí ìjókòó sú u, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà bá wọn ṣe eré, wọ́n sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ó mọ bàálù wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kò fẹ́ràn kí wọ́n máa darí òun. Alágẹmọ kò ní tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi dáhùn: "Mo ti gbọ́, Bàbá, mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kan, Ìgbín gbéra láti òdìkejì òkun ńlá, ó ń sọdá bọ̀ wálé. Nínú eré náà, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ìrìn àjò náà yóò ṣe pẹ́ tó. Kò sí ẹni tó dán irú rẹ̀ wò rí nínú wọn. Láti kùtùkùtù ni Ìgbín ti jókòó. Kò jẹun, kò sinmi. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó rí etíkun ilé. Gbogbo ará ìlú ti pé sídìí kọ̀ǹpútà wọn láti wo bí yóò ṣe balẹ̀.

Odídẹrẹ́ náà wà lókè. Ó ń yí po lórí pápá ọkọ̀ òfurufú, ó ń retí kí ó kan òun.

"Ìgbín, ọ̀nà là fún ọ, máa bọ̀," ni Alágẹmọ wí. Ó yí ojú kejì sí Odídẹrẹ́. "Odídẹrẹ́, má sọ̀kalẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Odídẹrẹ́ wí, ó sì tẹ imú bàálù rẹ̀ wálẹ̀.

Alágẹmọ figbe ta, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bàálù méjèèjì forí gbárí. Kọ̀ǹpútà Ìgbín ṣókùnkùn biribiri. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà síbẹ̀, òdìkejì òkun ló tún bá ara rẹ̀, níbi tó ti gbéra láàárọ̀.

Ìgbín wọnú ìkarahun rẹ̀ lọ.

Ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni Alágẹmọ bi Odídẹrẹ́. "Mo ní kí o má sọ̀kalẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ̀kalẹ̀, Bàbá! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ."

"Èmi? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Èyí kò yé mi o. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Alágẹmọ wọra. Ó yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kó wá máa ṣe é," ó wí, ó sì gun orí igi lọ.

Àwọn ẹranko pín sí méjì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní àgbà ti dé sí Alágẹmọ. Ìgalà ní òpùrọ́ ni Odídẹrẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí adarí mọ́, kálukú ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹnìkan ń balẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti ń gbéra. Kò sí ọjọ́ tí bàálù kò kọlu bàálù, títí eré náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú wọn.

Ọkàn Odídẹrẹ́ kò balẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò parọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Ìgbín.

"Ẹ káàsán o, Ìyá. Mo búra, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Ohùn Ìgbín jáde láti inú ìkarahun. "Kí ni wọ́n ní kí o ṣe? Sọ ọ́ bí o ṣe gbọ́ ọ."

"Wọ́n ní, 'Máa sọ̀kalẹ̀.'"

"O ò rí i? Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Wọ́n ní kí o má sọ̀kalẹ̀."

"Rárá o! 'Máa' ni mo wí. 'Máa,' kì í ṣe 'má.'"

Ìgbín yọ orí síta díẹ̀. "'Má' lèmi gbọ́," ó ní.

Ẹnu Odídẹrẹ́ àti etí Ìgbín kò jìnnà síra wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lójú ọ̀nà. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti èyí tó gba inú ẹ̀rọ kọjá.

"Ìyá," ó ní, "mo sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́. N kò sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn."

"O kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn pàápàá," ni Ìgbín wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lọ́jọ́ náà, Odídẹrẹ́. Mo ti rí ilé."

Ojú ti Odídẹrẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó kọjá sídìí igi Alágẹmọ. Kò lè fò, nítorí náà ó ń fi ẹnu fà mọ́ ẹ̀ka, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, títí ó fi dókè. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀ka.

"Bàbá, 'má' lẹ wí. 'Máa' ni mo gbọ́. Ká ní mo sọ ọ́ padà fún yín ni, ẹ ò bá ti tọ́ mi sọ́nà. Ẹ má bínú."

Alágẹmọ ti dúdú fún ìbínú tẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń padà di ewé.

"Èmi náà gba 'mo ti gbọ́' lẹ́nu rẹ," ó ní, "n kò bi ọ́ pé kí lo gbọ́. Ẹ̀bi náà kàn mí. Dìde."

Bí Alágẹmọ ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìgbín tún gbéra láti òdìkejì òkun, Odídẹrẹ́ sì ń wa bàálù tirẹ̀ lọ níwájú rẹ̀. Ohunkóhun tí Alágẹmọ bá wí, Odídẹrẹ́ á wí i padà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò ní ọ̀rọ̀ tìrẹ mọ́ ni?"

Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ilé, Alágẹmọ ní, "Odídẹrẹ́, má yà sọ́tùn-ún."

"Máa yà sọ́tùn-ún," ni Odídẹrẹ́ wí.

"Ó tì! Dúró lójú ọ̀nà tí o wà!"

"Dúró lójú ọ̀nà tí mo wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀tún yẹn gan-an ni Ìgbín ń gbà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó kọjá wọ́ọ́rọ́, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ariwo ayọ̀ ta nínú gbogbo ẹ̀rọ etí, títí kan ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìgbín sunkún díẹ̀, ó sì lọ wá nǹkan jẹ. Nínú eré bàálù náà, kò tún sí ẹni tó ń sọ pé "mo ti gbọ́" lásán mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni odídẹrẹ́ ti ń tún ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ sọ. Nígbà tí apá rẹ̀ san tó padà sínú igbó, ó fi àṣà náà kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí o bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀," á ní, "Ẹ káàárọ̀." Àwọn kan rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Wò ó dáadáa, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á tẹjú mọ́ ọ, á máa retí kí o sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ gan-an lo wí.